Ìgbéyàwó Tí Alága Sá Fún

Ẹni tó bá ní ẹ̀rù kì í ba òun, irọ́ ló ń pa, ẹ jẹ́ kó máa pa á lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ba Alága lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀rù tó ní ẹsẹ̀ ni. Ó ń tẹ̀ lé e wọ balùwẹ̀, ó ń bá a jókòó nídìí oúnjẹ, tó bá sì dùbúlẹ̀, ó ń dùbúlẹ̀ tì í. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Kí lẹ ń wò lójú fèrèsé?" Á ní kò sí nǹkan kan. Á tún dìde lọ wò ó.

Ìgbéyàwó ló fà á, ẹ má rẹ́rìn-ín. Télọ̀ kan àti káfíńtà kan fẹ́ fẹ́ra wọn. Wọ́n ti kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n ti lẹ orúkọ náà mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ìlú títí ọjọ́ tí òfin sọ fi pé, kò sì sẹ́ni tó wá sọ pé òun ò gbà. Ó ku kí ẹni tí òfin mọ̀ so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Òfin ibẹ̀ kò fún gbogbo èèyàn lágbára yẹn. Adájọ́ lè ṣe é, ṣùgbọ́n adájọ́ ti gba ìsinmi, wọ́n ti ti kóòtù pa. Akọ̀wé ìgbéyàwó lè ṣe é, ṣùgbọ́n akọ̀wé ti fẹ̀yìn tì, ìjọba ò tíì rán ẹlòmíì wá, aláǹtakùn ló ń jókòó sórí tábìlì rẹ̀. Ó wá ku Alága ìlú. Igbákejì Alága náà lè ṣe é, àmọ́ ó di ọjọ́ tí Alága kò bá sí nínú ìlú. Tí Alága bá wà nílùú, ì báà jẹ́ pé ó ń sùn, ìgbéyàwó tí Igbákejì bá ṣe, òfo ni. Ẹ ṣáà fi ìyẹn sọ́kàn.

Obìnrin télọ̀ yìí ò ní bàbá mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Òkúta, nítorí òun ló ni ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn odò. Bàbá Òkúta ti fi ọmọ náà ṣèlérí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lókè òkun, àgbàlagbà tí irun ti tán lórí rẹ̀, tó ní kí wọ́n fi ìyàwó ránṣẹ́ sóun bí ẹni ń béèrè ẹrù. Ọmọ ní òun ò lọ. Bàbá Òkúta ní yóò lọ. Ni ọmọ bá sá lọ sọ́dọ̀ ìyá káfíńtà, ó sì lọ fẹjọ́ sùn lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì họ orí títí.

"Ọmọ mi," ó ní, "tó o bá ti lọ́kọ lábẹ́ òfin, ẹni tó bá fọwọ́ kàn ọ́, èmi ni màá mú un. Àmọ́ bó o ṣe wà yìí, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Èmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí."

Bàbá Òkúta kì í pariwo, ohun tó sì ń já àwọn èèyàn láyà nípa rẹ̀ gan-an nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, fọkanáísà kan bá a jiyàn lójú títì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìsọ̀ fọkanáísà ti di pẹrẹsẹ, kò sì sẹ́ni tó rí ẹni tó wó o. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Bàbá Òkúta yìí wá sílé Alága. Ó jókòó ní pálọ̀, ó mu omi, ó yin kọ́tìnì. Ó wá ní, "Alága, mo gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ wá gbéyàwó lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́bọ̀. Ọmọ mi lobìnrin yẹn. Ẹ ṣáà rántí mi." Ó gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kí ìyàwó ilé pé ó dàárọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti di ohun tí Alága ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíì.

Kò lè kọ̀ fún àwọn ọmọ náà, òfin ò gbà fún un. Kò sì lè ṣe é, àyà rẹ̀ ò gbà fún un. Kí ló kù? Ìrìn àjò. Ó pe Igbákejì rẹ̀ lórí fóònù, ó ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ti gbé òun lọ sólú ìlú láti àná, bọ́ọ̀sì lòun wọ̀, kí Igbákejì bá òun so àwọn ọmọ yẹn pọ̀. Igbákejì yìí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, obìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ lè ti ìkangun kan gbọ̀ngàn dé ìkejì.

"Alága," ó ní, "ṣé èmi lẹ wá fẹ́ kí wọ́n pa?"

"Wọn ò ní pa yín, Màámi. Ta ló máa fọwọ́ kan obìnrin?"

Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú lòun sọ yẹn. Ó pa fóònù kíákíá kó má bàa gbọ́ èsì rẹ̀.

Ká má parọ́, Alága fẹ́ rin ìrìn àjò náà ní tòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, ìyàwó rẹ̀ di àpò rẹ̀ fún un láìsọ̀rọ̀. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì, ó ká singíléètì, ó fa síìpù dé. Nígbà tó gbé àpò lé e lọ́wọ́, ó kàn béèrè pé, "Tí wọ́n bá bi mí, kí ni kí n ní ẹ lọ ṣe?" Alága ní kó ní ìpàdé ni. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó dáa," kò sì wo ojú rẹ̀.

Alága ti wa mọ́tò dé ìdajì ọ̀nà tó jáde nílùú kó tó rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lọ́fíìsì. Ẹ̀rù tó sì wà lára rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, kì í ṣe èyí tó yẹ kéèyàn gbé lọ sírìn àjò láìsí oògùn. Ó yí padà. Ó gbé mọ́tò sábẹ́ igi lẹ́yìn ọ́fíìsì ìlú, ó yọ́ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ó mú oògùn, ó fi sápò. Bó ṣe ní kóun padà sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló gbọ́ ohùn Igbákejì níta pé, "Ẹ gba ibí wọlé, wọn ò tíì ṣí iwájú. Ẹ rọra o, sìmẹ́ńtì ti fọ́ níbẹ̀."

Mo gbé! Kò sí àyè láti ronú. Yàrá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Alága já wọ ibẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ká ara rẹ̀ sáàárín àga. Ọ̀gá ìlú o, ẹni tí wọ́n ń dìde fún. Orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n, ẹsẹ̀ àga kan gún un ní ìhà, eruku sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín nímú. Ó fọwọ́ méjèèjì fún imú pa.

Ó gbọ́ tí wọ́n wọlé: káfíńtà, télọ̀, ọ̀rẹ́ télọ̀ tó wá ṣe ẹlẹ́rìí, àti ìyá káfíńtà tí kò lè dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá," ìyá káfíńtà ń sọ. "Àtàná ni mi ò ti lè gbé omi mì. Tí ajá bá gbó, èmi náà á gbó."

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá," Igbákejì ní. Ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ gan-an ò balẹ̀. Alága mọ ohùn yẹn dáadáa, ó sì gbọ́ ibi tó ti ń gbọ̀n. "Káfíńtà, lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Òfin ní ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí ohun tá à ń ṣe."

"Kí Bàbá Òkúta náà lè rí i?" ọ̀rẹ́ télọ̀ béèrè.

"Kó rí i. Ilẹ̀kùn tá a bá tì lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́."

Ilẹ̀kùn ńlá iwájú dún. Alága gbọ́ tí Igbákejì gbé ṣéènì oyè kọ́rùn, ṣéènì idẹ tó wúwo, tó máa ń dún wọ̀rọ̀ tó bá kan bọ́tìnnì aṣọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà, bí òfin ṣe ní kó kà á:

"Nítorí pé Alága kò sí nínú ìlú yìí lónìí, agbára rẹ̀ láti so tọkọtaya pọ̀ wà lọ́wọ́ èmi Igbákejì rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí Alága ti kà nínú ìwé òfin láìmọye ìgbà ni, kò kàn án rí. Alága ò sí nínú ìlú? Alága wà nínú ìlú. Alága wà láàárín àga, pẹ̀lú eruku nírun. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tí obìnrin yẹn ń kà lóhùn gbígbọ̀n, asán ni. Télọ̀ á fọwọ́ sí i, káfíńtà á fọwọ́ sí i, wọ́n á máa yọ̀, bí wọ́n ṣe wà láàárọ̀ ni wọ́n sì máa wà.

Àmọ́ ta ló máa mọ̀? Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ọkàn rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ balẹ̀. Ìyàwó òun nìkan ló mọ̀, ìyàwó òun kì í sì í tú àṣírí. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á lọ sílé, òun á jáde, òun á wakọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ṣáà ń sọ ọ́ nínú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, àfìgbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Fèrèsé kékeré kan wà níbi orí rẹ̀, tí wọ́n fi irin dí. Alága na ọrùn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó rí ni ọmọọṣẹ́ Bàbá Òkúta kan, ọkùnrin gíga tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ń yí mọ́tò Alága po. Ó fọwọ́ lé iwájú mọ́tò níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, ó yára mú ọwọ́ kúrò, ó rẹ́rìn-ín. Ó fojú mọ́ gíláàsì, ó wo àpò tó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó wá yọ fóònù.

"Ọ̀gá," ó ní, "ó wà nílùú o. Mọ́tò ẹ̀ ṣì gbóná, àpò ẹ̀ wà níbẹ̀. Ibì kan ló sá sí níbí." Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. "Kí n jẹ́ kí obìnrin yẹn so wọ́n pọ̀ tán? Ẹ̀n-ẹ́n, kí ọ̀rọ̀ lè yanjú lójú Sájẹ́ǹtì. Ó ti yé mi, ọ̀gá. Òfo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yẹn."

Ó fi fóònù sápò, ó rọra ń rìn lọ sójú títì láti lọ dúró de ọ̀gá rẹ̀.

Alága ti rò pé ṣe lòun sá kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò mọ̀ pé òun gan-an lohun tí Bàbá Òkúta ń wá. Bó ṣe ká jọ síbẹ̀ yìí, ṣe ló di ọmọ náà lọ́wọ́, tó fà á lé wọn lọ́wọ́. Ó yẹ kó jáde. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun jáde. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ọwọ́ padà wá fúnra rẹ̀. Ó rántí ìsọ̀ fọkanáísà. Ó rántí kọ́ọ̀bù omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, ṣé èmi ni mo bí i? Ṣé èmi ni mo ní kó má fẹ́ ẹni tí wọ́n fún un? Bẹ́ẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà láàárín àga, ó ń làágùn, òógùn ń kán sórí àpò aṣọ rẹ̀ níbi tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà.

Nínú gbọ̀ngàn, Igbákejì bi télọ̀ bóyá tinútinú rẹ̀ ni. Télọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó wá fi ohùn kékeré kan bi í, ohùn ọmọdé tó ń bi ìyá rẹ̀ léèrè nǹkan:

"Ṣé ó ti tán ni mà? Ṣé wọn ò lè mú mi mọ́?"

"Ó kù díẹ̀, ọmọ mi," Igbákejì dáhùn. "Tí mo bá ti lè sọ gbólóhùn kan tó kù yìí, kò sẹ́ni tó lè mú ọ. Mo fi ara mi dúró fún ọ."

Alága ò mọ ìgbà tó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ó ṣubú lé àga, àga ṣubú lé àga, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ gbàràgàdà, ilẹ̀kùn sì gbá ṣí. Igbákejì figbe ta. Káfíńtà gbé ẹsẹ̀ àga kan tó yí dé iwájú rẹ̀, ó nà án sókè. Ọ̀rẹ́ télọ̀ ti wà lábẹ́ tábìlì.

"Èmi ni! Èmi ni!" Alága ń pariwo, ó fọwọ́ bo orí. "Má là á mọ́ mi!"

Gbogbo wọn wò ó. Òwú aláǹtakùn wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́. Ìyá káfíńtà ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ha! Alága! Ṣé olú ìlú tẹ́ ẹ lọ rèé?"

Télọ̀ kúnlẹ̀. Ó rò pé ṣe ló wá dá wọn dúró. "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ń sọ, "ẹ ṣàánú mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Dìde, ọmọ mi. Dìde." Alága fà á dìde. "Màámi, èyí tẹ́ ẹ ń kà yẹn, kò ṣiṣẹ́. Mo wà nílùú. Wọ́n ti mọ̀ pé mo wà nílùú. Wọ́n ń bọ̀. Ẹ bọ́ ṣéènì yẹn fún mi, ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Igbákejì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu obìnrin náà, ó hàn lójú rẹ̀, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó bọ́ ṣéènì, ó fi kọ́ ọ lọ́rùn. "A ó sọ̀rọ̀ tó bá yá, èmi pẹ̀lú yín," ó ní.

Ẹ wá wo ìgbéyàwó. Alága tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ó fi ìgúnpá méjèèjì tẹ̀ ẹ́ kó lè rí ọ̀rọ̀ kà. Ohùn rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Ó bi káfíńtà bóyá ó fẹ́ obìnrin yìí, káfíńtà ti ní bẹ́ẹ̀ ni kó tó bi í tán. Ó bi télọ̀. Mọ́tò kan tẹ búréèkì gìrì níwájú ilé. Ìyá káfíńtà ní, "Yéè, wọ́n ti dé!" Alága fo ìlà kan, Igbákejì fọwọ́ gún un ní ẹ̀gbẹ́, ó padà sí ìlà náà. Ilẹ̀kùn mọ́tò dún, òmíràn dún. Télọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ ẹ, mo fẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Alága di ojú.

"Pẹ̀lú agbára tí òfin fi lé mi lọ́wọ́, mo so yín pọ̀, ẹ ti di tọkọtaya."

Ó jókòó gbì sórí àga tó wà lẹ́yìn tábìlì.

Bàbá Òkúta wọlé, ó rọra ń rìn, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń tẹ̀ lé e, Sájẹ́ǹtì wà lẹ́yìn wọn, ó ń wolẹ̀. Télọ̀ sá sẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Káfíńtà dúró gbagidi níwájú tábìlì, Igbákejì dúró tì í, wọ́n sì bo Alága mọ́lẹ̀ pátápátá.

"Ẹ káàárọ̀ o," Bàbá Òkúta ní. "Ẹ kú ìnáwó. Sájẹ́ǹtì, ẹ rí wọn? Wọ́n ní àwọn ti ṣègbéyàwó. Àmọ́ Alága wà nílùú, ọmọọṣẹ́ mi rí mọ́tò rẹ̀, ó ṣì gbóná. Obìnrin yìí ò lẹ́tọ̀ọ́ láti so ẹnikẹ́ni pọ̀. Ẹ bá mi bi wọ́n, ta ló so wọ́n pọ̀?"

Sájẹ́ǹtì wú ikọ́. "Ta ló so wọ́n pọ̀?"

Kò sẹ́ni tó ń wo Alága. Ṣéènì wà lọ́rùn rẹ̀, ó rọrùn kó rọra bọ́ ọ, kó tì í sábẹ́ tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti wà lórí ṣéènì náà, kí n má purọ́ fún yín. Ó wá rí ẹ̀yìn ọrùn Igbákejì láti ibi tó jókòó sí. Òógùn ń ṣàn níbẹ̀. Obìnrin náà ti fẹ́ la ẹnu láti sọ pé òun ni.

"Èmi ni," Alága ní.

Ohùn náà kéré. Sájẹ́ǹtì ní, "Ta ló sọ̀rọ̀?"

Alága dì mọ́ tábìlì, ó fi gbé ara rẹ̀ dìde. "Èmi ni. Èmi Alága. Mo wà nílùú, èmi ni mo so wọ́n pọ̀."

Bàbá Òkúta wo òwú aláǹtakùn tó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín náà sì burú ju èébú lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Alága. Mo kúkú mọ ilé yín."

"Ọ̀gá," Sájẹ́ǹtì ní, ó ti gbé ojú sókè nísinsìnyí, "ọmọ yìí ti lọ́kọ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n lọ. Télọ̀ bú sẹ́kún, ìyá káfíńtà bá a sun ún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì, ó ń béèrè ibi tí òun máa fọwọ́ sí. Alága ò lè dá sí wọn. Ó tún ti jókòó, ó gbé oògùn kan sẹ́nu, kò sì rí itọ́ tó máa fi gbé e mì. Fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Olówó orí mi, ṣé ẹ ti dé olú ìlú?"

"Rárá. Mi ò lọ mọ́. Mo ti so wọ́n pọ̀."

Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀rù ò wá bà yín mọ́ ni?"

"Ó ń bà mí," Alága ní, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ń bà mí gan-an ni."

"Ẹ máa bọ̀ nílé," ìyàwó rẹ̀ sọ. "Kó máa bà wá pa pọ̀."